Títí Tí Yóò Fi Dé Etí Agolo

Fùláwà wà ní etí òsì ìyàwó mi ní ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn. Mo rí i, n kò sì sọ fún un. Ó ti fi ọwọ́ tó fi ń po fùláwà lé eṣinṣin kan kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ojú, ọwọ́ náà kan etí rẹ̀, ó sì fi àmì funfun sí ara yẹtí kékeré tí mo rà fún un nígbà tí a bí ọmọ wa. Ó wù mí láti máa wò ó bẹ́ẹ̀. Mo rò pé bó bá dé iwájú dígí, yóò rí i fúnra rẹ̀, yóò sì bá mi jà pé mo ń fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Kò dé iwájú dígí mọ́.

Sátidé ìmọ́tótó ni ọjọ́ náà. Láàárọ̀, gbogbo àwa ayálégbé tó wà nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Agbowó, n'Ìbàdàn, ti jáde sí ojú gọ́tà pẹ̀lú ọkọ́ àti ìgbálẹ̀, nítorí pé láyé ológun ìgbà náà, ẹni tí kò bá jáde yóò ṣàlàyé ara rẹ̀ fún sójà. Ìyàwó mi gbálẹ̀ kọjá iwájú ilé wa, ó gbá a dé iwájú ilé kejì. Nígbà tó gòkè padà, ó jókòó sórí àpótí ní ilé ìdáná, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n ti ń wú.

“Tíṣà,” ló wí, “ẹ wá wo ẹsẹ̀ mi. Ìwúkàrà ti wọ̀ ọ́.”

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tí mo lè ya àwòrán ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ sí ojú pátákó láìwo ìwé, mo wo ẹsẹ̀ tó wú, mo sì rẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kí n sọ bí búrẹ́dì ṣe di iṣẹ́ Sátidé ní ilé wa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyàwó mi, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ìyá rẹ̀ ti dáná rí fún àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì, níbẹ̀ ló ti kọ́ búrẹ́dì kan tó rọ̀ bí òwú, tó dùn díẹ̀, tí kò dùn jù, tí ènìyàn lè jẹ láìfi ohunkóhun sí i. Nígbà tí a kọ́kọ́ fẹ́ ara wa, n kò ka ọgbọ́n yìí sí. Kí ni ènìyàn ń làágùn lórí búrẹ́dì sí, nígbà tí àwọn tó ń ru ú kiri ń kígbe lábẹ́ fèrèsé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán? Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má kó àlìkámà wọlé láti ìlú òyìnbó mọ́. Búrẹ́dì ìta bẹ̀rẹ̀ sí í joro bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi fọṣọ dé ìdí, owó rẹ̀ sì ń lọ sókè. Ìgbà náà ni ìyàwó mi gbé ọgbọ́n ìyá rẹ̀ jáde. Obìnrin kan ní Ṣàngó máa ń fi kóńgò fùláwà pamọ́ dè é, bí kò bá sì tó, ìyàwó mi yóò fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ díẹ̀ lú u. Ọkùnrin kan tó ń fi páànù ṣe fìtílà ní Ṣàngó níbẹ̀ náà ló bá a ṣe agolo búrẹ́dì méjì. A kò ní ààrò òyìnbó. Ìkòkò irin ńlá ló da yanrìn sí nísàlẹ̀, tó gbé ka orí sítóòfù. Bí yanrìn bá ti gbóná, yóò gbé agolo méjèèjì lé e, yóò dé e pa, yóò wá wa ẹyín iná díẹ̀ láti inú àdògán sórí ọmọrí kí òkè búrẹ́dì lè pọ́n.

Èmi ni mo ń ṣàlàyé. Mo sọ fún un pé ẹlẹ́mìí ni ìwúkàrà, pé ṣúgà ló ń jẹ, pé èémí rẹ̀ ló ń gbé fùláwà sókè. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Tíṣà, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ bá mi gbé omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ yẹn wá, kí ẹlẹ́mìí yín má bàa kú.”

Òfin kan wà lọ́jọ́ búrẹ́dì. Bó bá ti po fùláwà tán, tó fi bọ́tà pa agolo lára, tó gbé e sórí fíríjì níbi tó ti móoru, tó sì fi aṣọ mímọ́ bò ó, a kò gbọdọ̀ pariwo mọ́. A kì í gbá ilẹ̀kùn, a kì í sáré nínú pálọ̀. “Fùláwà ń sùn,” ni yóò wí. Ọmọ wa, tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá nígbà náà, yóò máa fi ìka ẹsẹ̀ rìn kọjá fíríjì bí ẹni ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlagbà tó sùn.

Èmi náà dé inú òfin yìí nígbà tí mo fẹnu kọ pé iṣẹ́ tó rọrùn ni. Mo ní kí ni ìṣòro níbẹ̀, ṣebí ìwúkàrà ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́? Ìyàwó mi kò jiyàn. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó po fùláwà tán, ó nu ọwọ́, ó lọ dùbúlẹ̀. “Èmi ti sùn o. Bó bá dé etí agolo, ẹ gbé e kaná.” Kò pẹ́ tí mo wọlé lọ bi í bóyá ó ti tó. Mo tún wọlé lọ bi í bóyá iná pọ̀ jù. Ó di ojú, ó ń hanrun, ó ń fẹ ètè rẹ̀ jáde bí arúgbó, ọmọ wa sì dì mọ́ férémù ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ojú tì mí díẹ̀. Mo fi òwe bo ojú mi. Mo ní, “Ẹni tó bá sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ.” Láti ọjọ́ náà ló ti di eré ilé wa. Òun yóò pirọrọ, yóò hanrun, èmi kò sì gbọdọ̀ jí i. Bí òórùn búrẹ́dì bá dé yàrá, yóò jáde wá, yóò yán, yóò ní, “Ta ló ń ṣe búrẹ́dì nínú ilé yìí?”

Kò sí ìgbà kan tí mo ṣe é tó dára. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń yọ́ dìde wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi kó tó bàjẹ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí kò dìde ni ìgbà tí mo ń gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí rédíò tí mo gbàgbé fùláwà sórí fíríjì. Ó wú kọjá etí agolo, ó ṣàn wálẹ̀ sára ilẹ̀kùn fíríjì. Nígbà tí mo sì sáré gbé èyí tó kù kaná, ó jìn wọ inú, ó sì kan. Ní àràárọ̀ títí ó fi tán, ìyàwó mi kì í gbé nǹkan mìíràn síwájú mi. “Tíṣà, ẹ jẹ bọ́ọ̀lù yín.” Ó sọ fún Alhájà, ìyá onílé wa tó ń gbé ìsàlẹ̀, ọmọ Ṣakí tí ẹnu wọn kì í dákẹ́. Odindi oṣù kan ni Alhájà fi ń kí mi ní ẹnu àtẹ̀gùn pé, “Tíṣà, mo gbọ́ pé fùláwà gbá góòlù wọlé yín.”

Nítorí náà, ní Sátidé ìmọ́tótó yẹn, mo ti pinnu pé ojú kò ní tì mí mọ́.

Ó po fùláwà náà lórí ìjókòó. Tẹ́lẹ̀, orí ìdúró ló ti máa ń pò ó, tí yóò fi gbogbo èjìká rẹ̀ tì í. Mo rí i, mo rò pé gọ́tà tó gbá ló rẹ̀ ẹ́. Ó ní orí ń fọ́ òun. Mo fún un ní oògùn orí fífọ́ àti omi. Ọmọ wa wà ní ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ Alhájà, wọ́n ń bá a dirun. Ìyàwó mi gbé agolo méjèèjì sórí fíríjì, ó bò wọ́n, ó sì fi ọwọ́ kan ògiri bó ṣe ń lọ sí yàrá.

“Tíṣà, títí tí yóò fi dé etí agolo, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èmi ti sùn o.”

“Ìwọ tí o fẹ́ lọ pirọrọ,” ni mo wí.

“Ẹ ṣáà má gbá bọ́ọ̀lù lónìí.”

Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Mo jókòó sí pálọ̀, mo ń máàkì ìwé ìdánwò àwọn ọmọ, mo yí àga mi kí n lè máa rí òkè fíríjì. N kò tan rédíò. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo gbọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ìyàwó mi kì í hanrun bó bá sùn ní tòótọ́. Nínú gbogbo ọdún tí a fi sùn pọ̀, n kò gbọ́ ọ rí, àfi nínú eré. Ti ọjọ́ náà jinlẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó ń fà á láti ọ̀nà ọ̀fun, ó ń dá a dúró díẹ̀, ó tún ń fà á. Mo gbé bírò sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo kígbe láti pálọ̀ pé, “O ti ń ṣe é jù! N ò ní í jí ẹ!”

Kò dáhùn. Apirọrọ kì í dáhùn. Mo padà sídìí ìwé mi.

Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Mo rò pé eré ti sú u, pé oorun gidi ti wá gbé e lọ. Inú mi sì dùn, nítorí orí tó ń fọ́ ọ. Mo bá yọ́ rìn lọ síbi fíríjì kí n má bàa jí i. Mo ṣí aṣọ. Fùláwà ti dé etí agolo gẹ́ẹ́. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ bó ṣe kọ́ mi: bí ojú ibi tí a tẹ̀ bá tètè fò sókè, kò tíì tó, bí kò bá dìde mọ́, ó ti kọjá, bó bá ń dìde díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, àsìkò ti tó. Ó ń dìde díẹ̀díẹ̀. Mo dáná sí yanrìn, mo gbé agolo sínú ìkòkò, mo wa ẹyín iná sórí ọmọrí. Mo dúró tì í. Mo fẹ́ràn bí òórùn ṣe bẹ̀rẹ̀, tó kọ́kọ́ dà bíi ti ẹmu, tó wá di ti ṣúgà tó ń pọ́n. Mo ń fetí sí ilẹ̀kùn yàrá, mo ń retí pé yóò jáde wá yán.

Búrẹ́dì náà dára. Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí òun ló burú jù fún mi. Ó wú, ó pọ́n, nígbà tí mo ya á, inú rẹ̀ dà bí òwú. Mo fi bébà gbé ìdajì kan, ó ń jó mi lọ́wọ́, mo wọ yàrá. Mo ní, “Dìde, apirọrọ, wá wo iṣẹ́ ọkùnrin.”

Ó kọjú sí ògiri. Mo gbé búrẹ́dì náà sún mọ́ imú rẹ̀. Mo fi ìka tẹ apá rẹ̀.

N kò mọ bí mo ṣe dé orí àtẹ̀gùn. Mo mọ̀ pé mo ké pe Alhájà, àti pé wọ́n gòkè wá pẹ̀lú ìyarun lọ́wọ́, wọ́n gbé etí lé àyà rẹ̀, wọ́n sì sọ fún ọkọ wọn láti ojú fèrèsé pé kí ó gbé mọ́tò jáde. A gbé e dé ilé ìwòsàn. Dókítà tó rí i kò pẹ́ lára rẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé iṣan kan ló bẹ́ nínú ọpọlọ. Mo bi í bóyá ìhanrun wà nínú àmì rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sábà máa ń wà. Mo bi í pé bí a bá ti gbé e dé nígbà tó ń hanrun ńkọ́? Ó wo ojú mi, ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún.

“Ọ̀gá,” ló wí, “a ò lè sọ.”

Kí wọ́n tó gbé e kúrò níbẹ̀, mo rí i pé fùláwà ṣì wà ní etí rẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò nù ún.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó bi mí kí ni àbúrò òun ń ṣe nígbà tí ó ń lọ. Mo ní ó dùbúlẹ̀ ni, ó ń sùn. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló di ọ̀rọ̀ yìí mú. Wọ́n ní ikú ìrọ̀rùn ni, pé Olúwa fi oorun mú ọmọ rẹ̀ lọ, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń tọrọ irú rẹ̀ tí kò rí i gbà. Pásítọ̀ sọ ọ́ lórí ibojì. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo ń gbọ́ ìhanrun.

Alhájà nìkan ni mo sọ ọ́ fún, ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n jókòó tì mí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Tíṣà, àwa náà wà nísàlẹ̀. A gbọ́ ohùn yín tí ẹ ń kígbe pé ẹ ò ní í jí i. A rẹ́rìn-ín. Ṣé àwa la pa á?” Wọ́n dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn. “Ẹ fi iṣẹ́ málékà sílẹ̀ fún málékà.” Mo mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ kì í dí ènìyàn létí.

Ní ti búrẹ́dì náà, kò sẹ́ni tó jẹ́ dà á nù. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi rí i nínú ìkòkò, ó gé e fún ọmọ wa pẹ̀lú tíì. Ọmọ náà jẹ ẹ́ díẹ̀, ó dúró, ó wò mí.

“Dádì, ta ló ṣe é?”

Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló pò ó. Ọwọ́ tèmi ló yan án. Mo ní, “Ìyá rẹ ni.” Ó bá gbé èyí tó kù sínú àwo, ó dé e, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án títí ó fi hu. Mo rí bó ṣe ń hu. N kò lè gbé e dànù, n kò sì lè sọ fún un pé kó jẹ ẹ́.

Ó ti pẹ́ púpọ̀ báyìí. Mo ti fẹ̀yìn tì, irun orí mi ti di bí fùláwà tí mo ń sọ yìí. Ọmọ wa ti di ìyá ọmọ, Akobo ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ó ní ààrò ńlá tí kò nílò yanrìn, búrẹ́dì rẹ̀ sì dára ju ti ìyá rẹ̀ lọ, bí mo tilẹ̀ jẹ́ pé n kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Bí mo bá lọ kí wọn, tí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá sùn lọ́sàn-án, mo máa ń rìn káàkiri, mo máa ń fi ọwọ́ kan èjìká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn a lajú, wọn a bínú sí mi. Ìyá wọn a máa wò mí láti ilé ìdáná. Kì í bi mí ní ìdí.

Àwọn ènìyàn a máa sọ pé àkókò ń wo ọgbẹ́ sàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún mi, n kò sì bẹ àkókò pé kó wò ó. Ohun tí mo ń wá ni bí ènìyàn ṣe lè gbé pẹ̀lú “a ò lè sọ.” Ká ní dókítà náà sọ pé èmi ni mo jẹ̀bi, ǹ bá ti ru ẹ̀bi mi. Ká ní ó sọ pé n kò jẹ̀bi, bóyá ǹ bá gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bíi pé ó fi agolo náà sílẹ̀ sórí fíríjì, aṣọ sì bò ó.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹlòmíràn ló ń ṣe gbogbo nǹkan fún mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń dáná, Alhájà ń fọ aṣọ ọmọ, èmi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, mo ń bọ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ku èmi àti ọmọ. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ó ní òun fẹ́ jẹ búrẹ́dì ilé. N kò lè sọ pé rárá. Mo bu fùláwà tó ṣẹ́kù sínú ike, mo lọ́ omi wọ́ọ́rọ́, mo pò ó bí mo ṣe rántí, mo gbé agolo sórí fíríjì. Ó fi ìka ẹsẹ̀ rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá, ó dùbúlẹ̀ sí ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń sùn sí.

“Dádì, mo ti sùn o.”

Mo dúró ti fíríjì. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ọ. Ó ń hanrun, ó ń fẹ ètè bí arúgbó, bó ṣe rí i lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Fùláwà kù díẹ̀ kó dé etí agolo. Mo mọ̀ pé eré ni. Mo mọ ẹni tó ń sùn, mo mọ apirọrọ. Mo rìn wọ yàrá, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo di èjìká rẹ̀ mú, mo sì mì ín.

Ó lajú, inú rẹ̀ kò dùn rárá. “Dádì! Apirọrọ ni mí! Ẹ ò gbọdọ̀ jí mi, ẹ ti ba eré jẹ́!”

“Mo mọ̀,” ni mo wí. “Dìde jókòó. Bá mi sọ̀rọ̀.”

“Kí n sọ kí ni?”

“Ohunkóhun.”

Ó jókòó, ó ń wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ilé ẹ̀kọ́ tó sọ bàtà rẹ̀ nù, tó fi ẹsẹ̀ kan délé. N kò gbé ọwọ́ mi kúrò léjìká rẹ̀. Ó sọ ọ́ títí, ó tún sọ òmíràn, kó tó na ọrùn wo pálọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

“Dádì, fùláwà ń dà sílẹ̀!”

“Jẹ́ kó dà,” ni mo wí. “Ṣé ó wá rí bàtà náà?”